Onígbàgbọ́ àti Ẹni Tó Wà Lábẹ́ Rẹ̀



Ẹ ní kí n sọ̀rọ̀ lórí bí Kristẹni ṣe ń fi ìgbàgbọ́ rẹ̀ ṣèwà hù lójoojúmọ́. Mi ò ní sọ ti ọtí, mi ò sì ní sọ ti aṣọ. A ti gbọ́ ìyẹn léraléra. Ẹni tó wà lábẹ́ wa, tí kò lágbára àtipè wá lẹ́jọ́, ni mo fẹ́ kí a jọ wò.

Ní 1877, wọ́n fi Àlùfáà James Johnson ṣe alábòójútó ìjọ CMS (Church Missionary Society) ní Abẹ́òkúta. Sàró ni wọ́n bí i sí, ọmọ àwọn Yorùbá tí wọ́n gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ olówò ẹrú. Ó bá ẹrú àti ìwọ̀fà nílé àwọn ọmọ ìjọ, àní nílé àwọn òṣìṣẹ́ ìjọ pẹ̀lú. Ẹ̀yin àgbà mọ ìwọ̀fà: iṣẹ́ tó ń ṣe lóko olówó, èlé ni, kò dín kọ́bọ̀ kù nínú gbèsè. Ẹlòmíì á sìn títí irun á fi funfun, iye tí bàbá rẹ̀ yá náà ni yóò ṣì wà nílẹ̀.

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ Ẹ̀gbá nìkan ni. Lọ́dún kejì, ní November 1, 1878, ni ogun Jálumi jà ní Ìkìrun níbí. Ìbàdàn ṣẹ́gun Èkìtì, Ìjẹ̀ṣà àti Ìlọrin, odò Ọ̀tìn sì gbé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń sá. Irú ogun bẹ́ẹ̀ ni ẹrú ti ń wá.

Johnson fàáké kọ́rí pé ẹni tó ń wàásù kò gbọdọ̀ lẹ́rú. Àwọn tó ta kò ó kì í ṣe ìkà. Wọ́n ní àwọn ra àwọn ẹni náà kúrò lọ́wọ́ ìyà ni, pé bí ọmọ làwọn ń tọ́jú wọn, ta ni yóò sì ro oko? Àwáwí tó dùn létí ni, mi ò lè fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Ní 1879, CMS pàṣẹ pé kí òṣìṣẹ́ ìjọ má lẹ́rú mọ́. Síbẹ̀, nígbà tó di 1880, wọ́n mú Johnson kúrò ní Abẹ́òkúta. Ká sòótọ́, ọwọ́ rẹ̀ le. Owó ìjọ tó ń béèrè náà ti ń bí àwọn èèyàn nínú.

Ìwọ̀fà ti kásẹ̀ nílẹ̀. Àwáwí ọjọ́un ńkọ́? "Bí ọmọ ni mo ṣe mú un," bẹ́ẹ̀ ọmọ-ọ̀dọ̀ ló ń gbé Bíbélì màdámú tẹ̀ lé e lọ́jọ́ Ìsinmi, tí kò sì mọ̀ ọ́n kà. Ọmọ iṣẹ́ télọ̀ ti lo ọdún rẹ̀ pé, ọ̀gá ò jẹ́ kó ṣe fírídọ̀ọ̀mù, nítorí ọ̀fẹ́ ló ń bá a ránṣọ.

Ẹ wo alágbàṣe. Ó ti ro oko láti àárọ̀ Sátidé, ó nu ọkọ́ rẹ̀, ó jókòó sí ìdí ògiri, ó ń retí owó. Ọ̀gá yọjú lójú fèrèsé: "Padà wá lọ́jọ́ Ajé." Owó wà nílé o, ó ti wà nínú àpòòwé ìdúpẹ́ ọ̀la. Léfítíkù 19, ẹsẹ 13, kò gbà kí owó alágbàṣe sùn mọ́ ọ̀gá lọ́wọ́ di òwúrọ̀. Èmi ò tíì gbọ́ kí wọ́n fi ẹsẹ yẹn wàásù ìkórè.

Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo ní sí ìgbìmọ̀ ìjọ. Bí ẹnikẹ́ni bá wá sọ pé òun fẹ́ ṣe ìdúpẹ́, kí alàgbà tó kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, kó kọ́kọ́ bi í bóyá ó ti san owó àwọn tó bá a ṣiṣẹ́. Bí kò bá tíì san án, kó lọ san án ná. Ìdúpẹ́ lè dúró di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.