Lámídì Fákẹ́yẹ, Ọmọ Agbẹ́gilére

Ẹ̀yin ọmọ Káàárọ̀-o-ò-jíire tí ẹ ti ìpínlẹ̀ gbogbo ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà wá sí àpéjọ ẹgbẹ́ wa yìí, ẹ gbọ́. Àwọn baba wa bọ̀, wọ́n ní ibi tí gbẹ́nàgbẹ́nà bá parí iṣẹ́ sí ni gbẹ́nugbẹ́nu ti ń bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, gbẹ́nàgbẹ́nà kan ni n ó fi ẹnu mi gbé lárugẹ lónìí: Lámídì Ọlọ́nàdé Fákẹ́yẹ, ọmọ Ìgbómìnà, ọmọ Ìlá Ọ̀ràngún, ẹni tí baba rẹ̀ gbẹ́gi, tí baba baba rẹ̀ gbẹ́gi, tí ìdílé rẹ̀ ti ń fi igi dárà láti ìran dé ìran kí a tó bí i ní ọdún 1928.

Bó tilẹ̀ jẹ́ pé ogún ìdílé ni iṣẹ́ ọnà jẹ́ fún un, tí ó sì ti ń di àáké mú nílé baba rẹ̀ láti kékeré, Lámídì kò wí pé òun ti mọ̀ ọ́n tán. Nígbà tí ó di nǹkan bí ọdún 1949, tí ó ti di géńdé, ó gbéra lọ sí Ọyẹ́-Èkìtì, níbi tí Kevin Carroll àti àlùfáà Àgùdà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti dá ilé iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ ní ọdún 1947, ó sì tẹrí ba fún agbẹ́gilére Bándélé, ọmọ Aréògún ará Ọ̀sì, ó di ọmọṣẹ́ tí ń bẹ̀rẹ̀ láti ìpìlẹ̀. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí iṣẹ́ náà ti ń lọ, nítorí inú rẹ̀ ni ẹ̀kọ́ wà. Bí ẹnìkan bá yọjú sí agbẹ́gilére nígbà tí igi ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ọwọ́ rẹ̀, kò ní í rí ojú, kò ní í rí apá. Àáké ti kàn la orí, àyà àti ìdí sọ́tọ̀ ni, èyí tí wọ́n ń pè ní ọnà lílé. Àlétúnlé ló tẹ̀ lé e, tí imú àti etí yóò bẹ̀rẹ̀ sí í yọ. Lẹ́yìn náà ni dídán, tí ọ̀bẹ yóò mú ara igi jọ̀lọ̀. Fínfín ló kẹ́yìn, ìyẹn ìlà ojú, irun dídì àti ọnà ara aṣọ. Ọ̀gá ni í máa ń lé e, a gbé e fún ọmọṣẹ́ kí ó bá a dán an, a tún gbà á padà, a wò ó, a sì tún èyí tí kò dára ṣe láìsọ̀rọ̀ púpọ̀. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè.

Mùsùlùmí ni Lámídì. Síbẹ̀, ẹni tí ó bá dé ilé ìsìn àwọn Àgùdà ní Yunifásítì Ìbàdàn, ilẹ̀kùn tí ó fi ọwọ́ rẹ̀ gbẹ́ ni yóò gbà wọlé. Ilé iṣẹ́ Ọyẹ́ kan náà ló gbẹ́ ère ìbí Jésù tí àwọn amòye ìlà-oòrùn inú rẹ̀ jẹ́ ọba Yorùbá. Ẹ̀yin tí ẹ mọ bí ọ̀rọ̀ ìsìn ti ń fẹ́ da ẹgbẹ́ ọmọ ìlú rú nígbà mìíràn, ẹ bá mi ro èyí wò: Mùsùlùmí kan jókòó ti ọ̀gá rẹ̀ lábẹ́ òrùlé àlùfáà Àgùdà, ó ń fi ọgbọ́n tí àwọn babaláwo àti olóòṣà ti fi owó wọn tọ́jú láti àtayébáyé ṣiṣẹ́, kò sì sí ẹni tí ó pàdánù ìgbàgbọ́ rẹ̀ níbẹ̀.

Ní ọdún 1963 ó dé ilẹ̀ Amẹ́ríkà yìí, sí Yunifásítì Western Michigan ní Kalamazoo. Ilẹ̀kùn rẹ̀ mìíràn wà ní Kennedy Center ní Washington. Láti ọdún 1978 ni ó ń kọ́ni ní Yunifásítì Ifẹ̀, ère Odùduwà tí ó gbẹ́ sì wà níbẹ̀ títí di òní. UNESCO bu ọlá fún un ní ọdún 2006, ó sì papò dà ní ọjọ́ 25 oṣù Kejìlá, ọdún 2009. Ṣùgbọ́n ohun tí mo ń yìn jù nípa rẹ̀ ni pé nígbà tí ó di olùkọ́ yunifásítì, kò fi àáké sílẹ̀ nílé.

Àwọn ọmọ wa níhìn-ín ń kọ́ a, b, d ní ọjọ́ Sátidé, mo sì kí àwọn olùkọ́ wọn kú iṣẹ́; ṣùgbọ́n mélòó nínú wọn ló ti jókòó ti àgbà oníṣẹ́ ọwọ́ rí, kí ó gbọ́ èdè wa láti ẹnu ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò dúró? Gbọ̀ngán tí ẹgbẹ́ ń pète láti kọ́ kò tí ì ní ilẹ̀kùn. Àbá mi ni pé kí a ránṣẹ́ sí agbẹ́gilére kan láti Ìlá tàbí láti Èkìtì, kí ó má ṣe gbẹ́ ilẹ̀kùn náà sílé kí ó fi ọkọ̀ òkun ránṣẹ́, kí ó wá gbẹ́ ẹ níhìn-ín ní àkókò ìsinmi ilé-ìwé, kí àwọn ọmọ wa máa dán ohun tí ó bá lé. Mo bẹ ẹ̀yin ìgbìmọ̀ kí ẹ gbé e yẹ̀ wò nínú ìpàdé ọ̀la, kí a tó fọwọ́ sí ìnáwó ọdún tí ń bọ̀.