Hannibal: Balógun tí Ó Yẹ Ìwé Owó Wò

 

Bí a bá dìde sọ̀rọ̀ ní irú ìpàdé báyìí, ohun tí ẹ mọ̀ mọ́ wa ni ìwé ìṣirò, onídùúró, àti owó àyálò tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá. Lónìí, ìtàn ogun ni a mú wá. Ẹ fara balẹ̀, ọ̀rọ̀ náà yóò padà wá sí ilé.

Ọmọ Áfíríkà ni Hannibal. Carthage ni ìlú rẹ̀, ní etí òkun, ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Tùnísíà lónìí. Ọdún 247 ṣáájú ìbí Kristi ni a bí i. Gbogbo ọdún tí a ó dárúkọ nínú ìtàn yìí, ṣáájú ìbí Kristi ni. Hamilcar, baba rẹ̀, jẹ́ balógun. Nígbà tí ọmọ náà di ẹni ọdún 9, baba rẹ̀ mú un lọ sí Sípéènì, ó sì mú un búra pé kò ní bá Róòmù ṣọ̀rẹ́ láé. Ní ọdún 221, tí kò tíì pé ẹni ọgbọ̀n ọdún, àwọn ọmọ ogun fúnra wọn ni wọ́n fi í ṣe olórí.

Ní ọdún 218, ó kó ogun láti Sípéènì, ó gba orí òkè Alps tí yìnyín bò, pẹ̀lú erin 37, ó sì já sí ilẹ̀ Ítálì. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni òtútù àti ọ̀gbun pa lọ́nà. Nígbà tí ó sọ̀kalẹ̀, ẹlẹ́sẹ̀ 20,000 àti ẹlẹ́ṣin 6,000 ni ó kù sí i lọ́wọ́.

Àwọn ènìyàn wọ̀nyí kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà. Àwọn ará Líbíà wà níbẹ̀, àwọn ará Numidia, àwọn ará Sípéènì, àti àwọn Gaul. Èdè wọn kò dọ́gba, òrìṣà wọn kò dọ́gba. Síbẹ̀, fún nǹkan bí ọdún 15 tí ó fi wà ní Ítálì, wọn kò dìtẹ̀ mọ́ ọn. Kí ni ó fà á? Àwọn òpìtàn Róòmù, tí wọ́n jẹ́ ọ̀tá rẹ̀, ni wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni í máa sùn láàárín àwọn tí ń ṣọ́ àgọ́, tí yóò fi aṣọ ogun bora. Ó kọ́kọ́ wọ ìjà, ó sì kẹ́yìn jáde. Olórí tí ó bá ń jìyà pẹ̀lú ọmọ ẹgbẹ́, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í wúwo létí wọn.

Ní Cannae, ní ọdún 216, àwọn ará Róòmù pọ̀ jù ú lọ dáadáa. Ó jẹ́ kí àárín ogun rẹ̀ máa fà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, àwọn ọ̀tá sì ń tẹ̀ lé e wọlé. Kí wọ́n tó mọ̀, apá ọ̀tún, apá òsì àti àwọn ẹlẹ́ṣin ti yí wọn ká. Ó ju 40,000 ará Róòmù tí ó kú lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ọgbọ́n ju agbára.

Ṣùgbọ́n ìlú rẹ̀ kò ràn án lọ́wọ́ tó. Ìrànlọ́wọ́ díẹ̀ ni ó rí gbà. Nígbà tí Scipio ti Róòmù gbé ogun dé Áfíríkà, wọ́n pe Hannibal wálé ní ọdún 203. Ní Zama, ní ọdún 202, ó pàdánù. Róòmù bu gbèsè lé Carthage lórí: tálẹ́ńtì fàdákà 10,000, kí wọ́n san án láàárín ọdún 50.

Ẹ̀yin ènìyàn wa, ibi tí ọ̀pọ̀ ń pa ìtàn náà tì sí nìyí. Ibẹ̀ gan-an ni tiwa ti bẹ̀rẹ̀.

Ní ọdún 199, tí wọ́n kó owó àkọ́kọ́ lọ, àwọn akápò Róòmù yọ́ fàdákà náà wò. Ìdámẹ́rin rẹ̀ kì í ṣe ojúlówó. Àwọn aṣojú Carthage ní láti yáwó ní Róòmù láti fi dí i. Àwọn alágbára ìlú ń jẹ owó, wọ́n sì fẹ́ bu owó orí lé tálákà.

Ní ọdún 196, wọ́n yan Hannibal sí ipò àṣẹ. Ó ní kí wọ́n kó ìwé wá. Ó ṣírò iye owó tí ń wọlé láti orí ilẹ̀ àti láti orí òkun, iye tí a ná, àti iye tí a jí. Lẹ́yìn èyí ni ó kéde pé bí a bá gba owó ìlú padà lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n kó o, a ó san gbèsè Róòmù láìbu owó orí lé ẹnikẹ́ni. Àwọn onídàájọ́ tí wọ́n ń jókòó sórí oyè títí ọjọ́ ikú, ó ṣe òfin pé kí a máa yàn wọ́n lọ́dọọdún, kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe é ní ọdún méjì léra.

Àwọn tí ó ká mọ́ wá kọ̀wé sí Róòmù pé ó ń dìtẹ̀. Ní ọdún 195, ó sá lóru. Nǹkan bí ọdún 183, ní Bithynia, ó gbé májèlé jẹ kí Róòmù má bàa mú un láàyè. Síbẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ kò parun: ní ọdún 191, Carthage ní àwọn lè san gbogbo ìyókù gbèsè lẹ́ẹ̀kan náà. Róòmù kò gbà á.

Nínú iṣẹ́ wa, a ti dé ẹgbẹ́ kan tí a kò ní dárúkọ. Obìnrin kan dìde ní ìpàdé, ó béèrè ìwé owó àyálò. Wọ́n pariwo lé e lórí, wọ́n ní ọ̀tá ẹgbẹ́ ni. Kò wá sí ìpàdé mọ́. Nígbà tí a yẹ ìwé náà wò, orúkọ àwọn ìgbìmọ̀ ni ó kún inú rẹ̀, tí wọ́n sì jẹ́ onídùúró fún ara wọn. Òun nìkan ni ó rí i, òun ni ẹgbẹ́ sì lé. Àwa náà jẹ̀bi díẹ̀: bí a bá ti tètè dé, bóyá kì bá tí lọ.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a ka ìwé náà sétí gbogbo ènìyàn ní ìpàdé ọdọọdún. Ẹ jẹ́ kí ipò máa yí kiri. Ẹni tí ó bá sì béèrè ìṣirò, ẹ fún un ní àga, ẹ má ṣe lé e. Ẹni tí ó mọ iṣẹ́ òkùnkùn ni kí ó má da òṣùpá lóró. Ẹgbẹ́ tiwa, ọ̀sán gangan ni kí a ti máa ṣe é.

 Ẹgbẹ́ wa kò ní tú.