Oògùn Ẹ̀jẹ̀ Ríru àti Ọwọ́ Tó Ń Tutù

Ẹ máa ń sọ fún wa pé láti ìgbà tí dókítà ti fún yín ní atenolol tàbí propranolol, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ yín ń tutù bíi yìnyín, àní nínú ilé tí híítà ń ṣiṣẹ́. Kì í ṣe òtútù Lọ́ńdọ́ọ̀nù nìkan, kì í sì í ṣe iṣẹ́ ayé.

Irú oògùn yìí, beta blocker, máa ń jẹ́ kí ọkàn rọra lù, kò ní fi agbára ti ẹ̀jẹ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru á wálẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n èyí tó ń dé ọmọ ìka á dín kù. Ẹ wọ ìbọ̀sẹ̀ àti ìbọ̀wọ́. Ẹni tó ń mu sìgá ń dá kún un ni.

Ohun tó ń bà wá lẹ́rù ni àwọn tó kàn ń dá a dúró fúnra wọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò! Àyà lè bẹ̀rẹ̀ sí í dunni, ó tilẹ̀ lè di ìkọlù ọkàn. Dókítà ló mọ bí wọ́n ṣe ń dín in kù díẹ̀díẹ̀, ó sì lè fún yín ní òmíràn. Amlodipine ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ fún àwa aláwọ̀ dúdú tí kò ní ìtọ̀ ṣúgà. Ẹni tó bá ní asthma, kó tètè sọ. Tó bá sì jẹ́ owó ni, ẹni tó ti pé 60 ọdún kì í san kọ́bọ̀ fún oògùn dókítà ní England.