Nígbà tí irin ń pọ́n ní Òṣogbo
Òṣogbo ni ìjọba àpapọ̀ kọ́ ilé-iṣẹ́ irin sí ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, bíi ti Jos àti Katsina. Tọ́ọ̀nù 210,000 lọ́dún ni wọ́n ní kí ọ̀kọ̀ọ̀kan máa ṣe.

Irin onígun mẹ́rin láti ilé-iṣẹ́ irin Aladja, lẹ́bàá Warri, ni wọ́n ń kì bọ ìléru. Tó bá pọ́n yòò, wọn a tì í gba àárín rólà, yóò máa tẹ́ẹ́rẹ́, yóò máa gùn, títí yóò fi di ọ̀pá tí bíríkìlà ń lò.

Níbi irin tó ń ti Aladja wá yìí gan-an ni wàhálà wà. Báwo ni alágbẹ̀dẹ ṣe fẹ́ rọ ọkọ́ láìrí irin? Aladja dákú, Òṣogbo náà dákẹ́. Ìjọba Ọbásanjọ́ ta ilé-iṣẹ́ Òṣogbo fún aládàáni, ṣùgbọ́n ògo àtijọ́ kò padà.