Ta Ni Ká Fi Sídìí Ìsọ̀?

Àwa ará Àgbábù tí ọ̀dà títì wà nílẹ̀ wa mọ̀ pé olùrà gidi kì í béèrè àwọ̀ rẹ̀. Bó ṣe ki tó ló ń wò. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí níbi àpéjọ àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, irú DevFest ti Èkó. Ilé-iṣẹ́ á gba ìsọ̀, wọ́n á to sítíkà sórí tábìlì, wọ́n á fi ẹlẹ́rìn-ín kan sídìí rẹ̀. Èmi ò fara mọ́ ọn. Ẹ wo ilé-iṣẹ́ Paystack tó bẹ̀rẹ̀ ní 2015, tí ilé-iṣẹ́ Stripe rà ní 2020: ọ̀nà ìgbowó ló ń tà, ẹni tó ń kọ ètò ló sì máa so ó mọ́ ìkànnì oníṣòwò. Ìbéèrè irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni pé, “Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá já lẹ́yìn tí báńkì ti yọ owó, ṣé kò ní yọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì?” Sítíkà ò lè dáhùn ìyẹn; onímọ̀ tó ṣe ọ̀nà ìgbowó náà ló lè dáhùn, òun ló sì yẹ ká fi sídìí ìsọ̀. Àwọn ilé-iṣẹ́ á ní iṣẹ́ á dúró ní ọ́fíìsì, pé àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà ò lẹ́nu ọ̀rọ̀. Òótọ́ díẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ náà lè máa gbà á lọ́wọ́ ara wọn ní wákàtí méjì-méjì, kí ẹlẹ́rìn-ín máa kí èèyàn, kí wọ́n sì máa kọ gbogbo ìbéèrè sínú ìwé kan tí wọ́n máa gbé padà sọ́fíìsì.