Bí Imú Kò Bá Gbóòórùn Mọ́

Ọ̀rọ̀ imú ni mo mú wá.

Imú ló ń sọ fún wa pé ọbẹ̀ ń jóná, pé ẹja ti bàjẹ́. Ẹni tí kò gbóòórùn mọ́ lè jẹ ohun tó ti bàjẹ́ láìmọ̀.

Nígbà púpọ̀, awọ inú imú ló wú, tó dí ọ̀nà. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, dókítà lè fún yín ní oògùn cortisone tí à ń fín sí imú. Bó bá jẹ́ nǹkan mìíràn ló fà á, oògùn náà lè má ṣiṣẹ́. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ lọ ṣe àyẹ̀wò.

Báwo la ṣe ń lò ó?
Ẹ fun ikun imú dànù.
Ẹ tẹ orí síwájú díẹ̀.
Ẹ fi ọwọ́ ọ̀tún fín ihò òsì, kí ẹ fi ọwọ́ òsì fín ihò ọ̀tún.
Ẹ kọ ẹnu ìgò sí ọ̀nà etí, kó má ba àárín imú, kí imú má baà ṣẹ̀jẹ̀.
Ẹ mí sínú jẹ́jẹ́.

Oògùn yìí kì í yá. Ó lè tó ọ̀sẹ̀ 2 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ẹ tó mọ̀ ọ́n lára. Ẹ má jẹ́ kó sú yín.

Oògùn tó ń la imú lójú ẹsẹ̀ ńkọ́? Ìyẹn yàtọ̀. Bí ẹ bá ń lò ó ju ọjọ́ 5 lọ, imú lè tún dí ju ti tẹ́lẹ̀.

Bó bá jẹ́ ihò kan ṣoṣo ló ń dí, tó sì ń ṣẹ̀jẹ̀, ẹ tètè lọ sí ilé ìwòsàn.

Ẹ jẹ́ ká bi ara wa: ta ni kò gbóòórùn mọ́ nínú ilé wa? Ta ló ń bá a yẹ oúnjẹ wò?