Kí Ọmọ Wa Tó Gun Katapílà

(Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn àgbà akẹ́kọ̀ọ́ sọ ní Pénéssoulou)

  

Gbogbo wa mọ ọ̀nà ńlá tí ó gba ìlú wa kọjá. Ó ti Savalou wá, ó gba Bantè, ó gba Bassila, ó dé ọ̀dọ̀ wa ní Pénéssoulou, ó sì lọ sí Djougou àti Natitingou. Ọ̀nà yìí ni iṣu wa ń gbà lọ sí ọjà. Òun ni kajú wa ń gbà. Òun ni a fi ń gbé aláìsàn lọ sí ilé ìwòsàn. Ọkọ́ àti àdá nìkan kò lè ṣe irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ ni ó ṣe é.

Àwọn ọ̀dọ́ wa ń rí ẹ̀rọ wọ̀nyí, ó sì ń wù wọ́n. Wọ́n ń sọ pé: «Èmi náà fẹ́ wa katapílà.» Ọ̀rọ̀ náà dára. Iṣẹ́ gidi ni, ó sì ń bọ́ ilé. Ṣùgbọ́n mo ní ọ̀rọ̀ kan fún wọn, àti fún bàbá àti ìyá tí yóò rán wọn lọ. Ọ̀rọ̀ náà kò gùn. Òun nìyí: wíwò kì í ṣe kíkọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí.

Nígbà tí mo wà ní ọ̀dọ́, mo ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń la ọ̀nà. Iṣẹ́ mi ni kí n fọ ẹ̀rọ, kí n sì da epo sí i. Oṣù mẹ́fà ni mo fi wo ọwọ́ oníkatapílà. Mo rò pé mo ti mọ̀ ọ́n. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, oníkatapílà lọ jẹun, ó fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ lára ẹ̀rọ. Ọ̀gá wa ní kí n sún ẹ̀rọ náà sẹ́yìn díẹ̀, nítorí kámíọ̀ kan fẹ́ kọjá. Mo gùn ún. Inú mi dùn. Mo wo iwájú, mo wo ẹ̀gbẹ́. N kò wo ẹ̀yìn. Ọ̀rẹ́ mi kan lóṣòó lẹ́yìn ẹ̀rọ, ó ń kan èèkàn tí a fi ń wọn ilẹ̀. Mo gbọ́ igbe. Kí n tó mọ èyí tí mo máa tẹ̀ kí ẹ̀rọ dúró, ẹ̀rọ ti gun ẹsẹ̀ rẹ̀.

Kò kú. Ṣùgbọ́n wọ́n gé ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀. Kí ó tó wá síbi iṣẹ́ ọ̀nà, kò sí ẹni tí ó lè bá a kọ ebè iṣu ní abúlé rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, kò kọ ebè mọ́.

Ọ̀gá tí ó rán mi jẹ̀bi. Èmi tí mo gbà náà jẹ̀bi. Nítorí èyí ni mo ṣe dúró níwájú yín.

Kí ni ẹ̀rọ yìí gan-an? Ní 1904, ní Kalifóníà ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Benjamin Holt rí i pé ẹ̀rọ oko ń rì sínú ilẹ̀ rírọ̀. Ó yọ ẹsẹ̀ rẹ̀ tí ń yí, ó fi ẹ̀wọ̀n pẹlẹbẹ rọ́pò rẹ̀. Ẹ̀rọ náà ń rìn bí kòkòrò tí ń fà nílẹ̀. Orúkọ tí wọ́n ń pe kòkòrò náà lọ́hùn-ún ni caterpillar. Ibẹ̀ ni katapílà ti wá.

Kòkòrò kò wúwo, ṣùgbọ́n katapílà wúwo. Èyí tí kò tóbi jù lè tó tọ́ọ̀nù 20. Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò rẹ̀. Tọ́ọ̀nù kan jẹ́ kílò 1 000. Tọ́ọ̀nù 20 jẹ́ kílò 20 000. Àpò sìmẹ́ńtì kan jẹ́ kílò 50. Bí a bá pín 20 000 sí ọ̀nà 50, a ó rí 400. Ìwúwo àpò sìmẹ́ńtì 400 ni ó ń rìn níwájú yín.

Ohun kejì ni pé awakọ̀ kò rí gbogbo ibi. Ó jókòó sókè. Irin ńlá iwájú bo ilẹ̀ mọ́ ọn lójú. Ẹ̀yìn rẹ̀ dà bí òru. Ìwọ rí ẹ̀rọ, ẹni tí ó wà nínú rẹ̀ kò rí ọ. Nítorí náà, bí o kò bá rí ojú awakọ̀, mọ̀ pé òun náà kò rí ọ.

Kí ni wọ́n ń kọ́ ẹni tí ó fẹ́ wa irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀? Ẹ gbọ́ díẹ̀ nínú rẹ̀.

1. Kí ó tó dáná sí ẹ̀rọ, kí ó yí i ká. Kí ó wo omi, kí ó wo òróró, kí ó wo bíréèkì. Kí ó wo abẹ́ ẹ̀rọ, bóyá ènìyàn sùn síbẹ̀ nítorí òòrùn.

2. Bí ó bá ń gùn ún, kí ó kọjú sí ẹ̀rọ. Ọwọ́ méjì àti ẹsẹ̀ kan, tàbí ẹsẹ̀ méjì àti ọwọ́ kan, kí wọ́n máa wà lára irin nígbà gbogbo. Kí ó má fò sílẹ̀.

3. Kí ó de ìgbànú ìjókòó. Bí ẹ̀rọ bá ń dojú dé, ẹni tí ó bá fò jáde ni ẹ̀rọ sábà máa ń wó lù. Irin tí ó yí ìjókòó ká ni yóò dáàbò bo ẹni tí ó de ara rẹ̀ mọ́lẹ̀.

4. Kí ó má sún mọ́ etí kòtò àti etí yẹ̀pẹ̀ tuntun. Ilẹ̀ tí òjò ti rọ̀ sí lè yẹ̀ lábẹ́ ẹ̀rọ.

5. Bí ó bá ń padà sẹ́yìn, kí ẹnì kan ṣoṣo máa fi ọwọ́ júwe fún un. Bí kò bá rí ẹni náà mọ́, kí ó dúró. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá ké pé «Dúró!», ìbáà jẹ́ ọmọdé, kí ó dúró.

6. Kí ó wo òkè. Iná lè fò láti ara wáyà iná ńlá sí ara irin kí wọ́n tó kan ara wọn.

7. Bí ó bá ń sọ̀ kalẹ̀, kí ó gbé irin iwájú lé ilẹ̀, kí ó fa bíréèkì, kí ó pa ẹ̀rọ, kí ó yọ kọ́kọ́rọ́. Bí oníkatapílà wa bá ti yọ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ní ọjọ́ náà, ọ̀rẹ́ mi ìbá ní ẹsẹ̀ méjì.

A kì í kọ́ nǹkan wọ̀nyí láàárín àwọn òṣìṣẹ́. Pápá òfìfo ni a ti ń kọ́ wọn, olùkọ́ á sì wà nítòsí. Lẹ́yìn náà ni ìdánwò. Ní ilẹ̀ Faransé, wọ́n ń pe ìwé ẹ̀rí rẹ̀ ní CACES. Láti oṣù kìíní 2020, ìlànà tuntun tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ R482 ni wọ́n ń tẹ̀lé fún ẹ̀rọ ibi iṣẹ́ ilé àti ọ̀nà. Irú ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ní ìdánwò tirẹ̀. Ẹni tí ó yege lórí ẹ̀rọ tí ń gbẹ́ ilẹ̀ kò lè tìtorí rẹ̀ gun katapílà. Lẹ́yìn ọdún 10, yóò tún ìdánwò ṣe.

Ẹ lè sọ pé: «Faransé nìyẹn.» Rárá o. Ní 1988, àjọ tí ń rí sí iṣẹ́ ní gbogbo ayé, tí ó wà ní Geneva, ṣe àdéhùn kan lórí iṣẹ́ ìkọ́lé, nọ́ńbà 167. Ó sọ pé ẹni tí ó ti gba ẹ̀kọ́ tí ó yẹ ni kí ó wa ẹ̀rọ tí ń ro ilẹ̀. Ó sì sọ pé òṣìṣẹ́ tí ó rí ewu ńlá tí ó fẹ́ dé lè kúrò níbẹ̀, kí ó sì sọ fún ọ̀gá rẹ̀ kíákíá. Òfin iṣẹ́ orílẹ̀-èdè Benin, nọ́ńbà 98-004, ti ọjọ́ 27 oṣù kìíní 1998, náà sọ pé ọ̀gá gbọ́dọ̀ dáàbò bo ẹ̀mí àti ìlera òṣìṣẹ́ rẹ̀.

Ẹ̀yin òbí, bí wọ́n bá pe ọmọ yín síṣẹ́ ẹ̀rọ, ẹ má béèrè owó nìkan. Ẹ béèrè pé: Ta ni yóò kọ́ ọ? Yóò ti pẹ́ tó kí ó tó dá ẹ̀rọ wà? Ìwé wo ni yóò gbà? Bí wọn kò bá lè dáhùn, ẹ má tíì jẹ́ kí ó lọ.

Ẹ má sì gbàgbé àwọn ọmọ kéékèèké. Kòtò tí wọ́n ti wa ilẹ̀ pupa fún ọ̀nà máa ń kún fún omi lásìkò òjò. Omi náà jìn ju bí ojú ti rí i lọ. Ẹ má jẹ́ kí ọmọdé wẹ̀ níbẹ̀.

Ìwé tí ẹ ń kọ́ yìí náà wúlò níbi iṣẹ́ ẹ̀rọ. Awakọ̀ tí ó mọ̀wé yóò ka ohun tí a kọ sára ẹ̀rọ. Yóò kọ sínú ìwé rẹ̀ ní àárọ̀ pé: «Bíréèkì kò mú dáadáa.» Ohun tí a bá sọ lẹ́nu, ọ̀gá lè ní òun kò gbọ́. Ohun tí a bá kọ sílẹ̀ wà níbẹ̀.

Àwọn baba wa ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Ní ọjọ́ tí mo sọ yẹn, ọ̀rọ̀ díẹ̀ ni n kò ní lẹ́nu. Ìtìjú ni kò jẹ́ kí n sọ ọ́. Lónìí, kí olúkúlùkù mú ẹfun rẹ̀, kí ó kọ ọ́ sára wàláà, kí ó sì kà á fún àwọn ọmọ rẹ̀ nílé:

N kò tíì kọ́ ọ. N kò ní gùn ún.